Ìbéèrè Tí Mo Bi Ọnọ́rébù ní Al Barsha

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé ní àwọn yunifásítì aládàáni tó wà ní Dubai àti Sharjah, ẹ ti da ìbéèrè bò mí. Bí a bá jáde nínú ìsìn, ẹnì kan á fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Mọ́mì, mo fẹ́ kọ́ ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá. Ṣé ọ̀nà wà níbẹ̀?" Ẹlòmíì á ní bàbá òun sọ pé kí òun yáa lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, pé ta ló ń sanwó fún ẹni tó kàn jókòó tó ń gbọ́ ẹjọ́. Èmi á rẹ́rìn-ín, mo á ní kí wọ́n wá mu tíì nílé mi ní Rolla, ní Sharjah. Wọn kì í wá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kà á tán tó ṣì fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó lọ ṣe é. Ẹni tó bá kà á tán tó sì fẹsẹ̀ fẹ, n kò ní bá a wí.

Kí n kọ́kọ́ tún nǹkan kan ṣe. Èmi kì í ṣe dókítà. Àwọn olóṣèlú ló sọ mí di dókítà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ara wọn di olóyè. Olùtọ́jú ọkàn ni mí, ẹni tó ń jókòó ti èèyàn tí ọkàn rẹ̀ dàrú, tí wọ́n á jọ máa sọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi rí ibi dúró sí. Mi ò fúnni lóògùn, mi ò gúnni lábẹ́rẹ́. Àga méjì àti etí méjì ni gbogbo irin iṣẹ́ mi. Orí dúdú ni mo gbé wọ inú iṣẹ́ náà, orí funfun ni mo gbé jáde.

Mo kàwé gboyè. Ìwé yẹn wúlò, òun ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Ohun tó kù, ọ̀dọ̀ Ìyá Adéòtí ni mo ti kọ́ ọ.

Ìyá Adéòtí ni ọ̀gá wa ní ẹ̀ka ìfọ̀rọ̀wérọ̀, nílé ìwòsàn ìjọba kan tí àwọn ará ìlú ń pè ní ilé wèrè. Obìnrin kúkúrú ni. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ látòkè jígí ojú rẹ̀, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o ti dá láti ìgbà tí wọ́n ti já ọ lẹ́nu ọmú. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo jókòó tì lójú rẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tí ọmọ rẹ̀ ṣaláìsí. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ó máa dára." Ó nu ojú, ó dúpẹ́, ó kọrí sílé. Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́.

Ìyá Adéòtí pè mí. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kí wọ́n pẹ̀lẹ́ ni, mà."

"Kí ló fi dá ọ lóhùn?"

"Wọ́n dúpẹ́, mà."

"O ò rí i pé o ti lé e lọ? Ta ló ń dúpẹ́ tán tó tún ń bá ẹkún lọ? Pẹ̀lẹ́ tí o sọ yẹn, ilẹ̀kùn lo fi tì mọ́ ọn lójú. Ara ìwọ gan-an ni kò gbà á. Ìwọ lo fẹ́ kó dákẹ́."

Bó ṣe fòfin de pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tójú mi rí. Àwa tí a ń kí ẹni tó kọsẹ̀, tí a ń kí ẹni tó gbẹ́rù, tí a ń kí ẹni tó jókòó láìṣe nǹkan kan! Kí wọ́n ní kí o wo ẹni tó ń sunkún kí o má sọ pẹ̀lẹ́, ó dà bíi kí wọ́n ní kí o má mí. Ó fòfin de "ó máa dára." Ó fòfin de "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n." Ó tiẹ̀ fòfin de òwe. Ó ní bí òwe bá jẹ́ ẹṣin ọ̀rọ̀ lóòótọ́, ẹni tó ń sunkún kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gbé òun gẹṣin. Òwe tí ẹ bá rí nínú ohun tí mò ń kọ yìí, ẹ jẹ́ kó yé yín pé mo ti fẹ̀yìn tì ni.

Èyí tó le jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ìbéèrè. Ó ní bí olùtọ́jú bá fura pé ẹnì kan ń ronú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀, kó bi í ní tààrà, kó má máa fi ọ̀rọ̀ yí po. Ẹ rò ó wò ná. Ilẹ̀ tí a kì í ti í dárúkọ ikú lójú àgbà, ilẹ̀ tí ọba kì í ti í kú, tó jẹ́ pé ó máa ń wàjà ni! Ìyá Adéòtí jókòó sórí àga aláìsàn, ó ní kí n bi òun. Mo kúnlẹ̀ kí i tán, mo jókòó, mo lanu.

"Mà, ṣé... ṣé ẹ máa ń ronú nípa ìrìn àjò kan?"

"Ìrìn àjò wo? Ìbàdàn?"

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kí n tún un bi. Mo ní ṣé ó máa ń wù wọ́n láti sinmi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ń wu òun gidigidi, èmi ni n kò jẹ́ kí òun sinmi. Kò tú mi sílẹ̀ àfìgbà tí mo sọ ọ́: "Mà, ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín?"

Mo retí kí àjà ilé wó lu wá. Kò wó. Ó yọ jígí ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹni tí irú èrò yẹn ń bá gbé ti mọ orúkọ rẹ̀ tipẹ́. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé ẹlòmíì lè gbọ́ ọ lẹ́nu òun kí onítọ̀hún má sá."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n ṣe. Bí mo bá ń ka ọjọ́ ayé mi báyìí, àwọn ọdún tí mo fi jókòó nínú yàrá kékeré yẹn, tí fáànù ń ké bí ewúrẹ́ lókè orí wa, ni mo rí i pé mo fi ṣe nǹkan.

Bí mo ṣe bọ́ sínú òṣèlú kò gùn. Mo sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ìyàwó gómìnà gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n fi mí ṣe Olùdámọ̀ràn Pàtàkì fún Gómìnà lórí Ìdùnnú Ará Ìlú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì náà wà, ìdùnnú ni kò sí ńbẹ̀. Ohun tó gbé mi lọ ni pé mo fẹ́ kí yàrá kan wà ní gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba tí èèyàn lè wọ̀ láti sọ ohun tó ń jẹ ọkàn rẹ̀, láìjẹ́ pé ó gba ẹnu ọ̀nà ilé wèrè kọjá. Mo lọ dágbére fún Ìyá Adéòtí.

"Níbi tí ò ń lọ yẹn," ló wí, "ta ni yóò máa sọ̀rọ̀, ta ni yóò máa gbọ́?"

Mo ní gómìnà ni yóò máa gbọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yàrá náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìjọba. Kọmíṣánnà kan gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mọ́mì, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sunkún tán nínú yàrá yẹn, kí la máa fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n?" Òótọ́ ló sọ. Afárá ṣe é gé rìbọ́ọ̀nù sí. Ẹkún kò ṣe é gé rìbọ́ọ̀nù sí. Wọ́n wá dá Àjọ̀dún Ìdùnnú sílẹ̀ ní pápá ìṣeré dípò rẹ̀. Bàlúùnù aláwọ̀ mèremère fò, wọ́n pín ẹ̀wù tí wọ́n tẹ ẹ̀rín gómìnà sí láyà, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Mo pariwo pé, "Ó máa dára!" Gbogbo pápá dáhùn, "Ó máa dára!"

Fóònù mi dún lọ́jọ́ kejì. Ìyá Adéòtí ni. "Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí tẹlifíṣọ̀n," ló wí. Ó pa fóònù. Ó ti papò dà báyìí, ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn ṣì wà létí mi.

Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí kí sáà wa tó pé. Kò pẹ́ tí agbòòrùn ìpolongo ìbò fi kún inú rẹ̀ dé òrùlé.

Nígbà tí ìjọba yẹn wábi gbà, ojú tì mí láti padà sórí àga mi. Ẹni tí sáírẹ́nì ti ṣíwájú ọkọ̀ rẹ̀ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ mọ ilẹ̀ mọ́. Mo di kọńsọ́tántì. Kọńsọ́tántì ni ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀. Mo wá sí Dubai nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi ń bọ̀. Olóṣèlú wa kì í ṣàìsàn nílé, Dubai ló ti máa ń "sinmi." Èmi àti àwọn mìíràn jọ pín ọ́fíìsì onígíláàsì kan ní Al Barsha, wọ́n kọ "wellness," ìyẹn àlàáfíà ara, sára ilẹ̀kùn rẹ̀, àwa tí a wà nínú rẹ̀ ni kò sùn dáadáa. Owó ilé kò jẹ́ kí n gbé nítòsí, Rolla ni mo ti ń jáde láràárọ̀. Èmi àti àwọn ọmọ tó ń ta aṣọ ní mọ́ọ̀lù àti àwọn tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì la jọ máa ń fún ara wa pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin metro. Bí oníbàárà ńlá bá ń dúró dè mí, mo á bọ́ọ́lẹ̀ kí n tó débẹ̀, mo á wọ takisí fún ìwọ̀nba tó kù, kó lè rí mi bí mo ṣe ń tinú mọ́tò sọ̀ kalẹ̀.

Irin iṣẹ́ náà ń yí padà lójú mi. Àga di fóònù, fóònù di kọ̀ǹpútà tó ń fojú èèyàn hàn, tí oníbàárà á máa bá mi sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ kó sì máa wo bí fìlà òun ṣe tẹ̀ sí. Ní báyìí, ẹ̀rọ inú fóònù yín ni ẹ ń rojọ́ fún. Ó ń dá yín lóhùn pé òun gbọ́, pé ó ń dun òun. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í béèrè owó ọkọ̀. Mi ò lè bá a díje. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó bá ẹnikẹ́ni wọ ilé ìwòsàn.

Èyí ló gbé mi dórí Ọnọ́rébù.

Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti fà á kalẹ̀ láti du ipò gómìnà. Àbúrò rẹ̀, Káyọ̀dé, ló wá bá mi ní Al Barsha.

"Mọ́mì, ohùn ló ń yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu."

"Ohùn wọn há ni?"

"Kò há. Wọn kàn kì í sọ̀rọ̀ mọ́ ni. Wọn kì í sùn, wọn kì í jẹun. Ìpolongo ìbò sì ti dé tán. Ẹ ṣáà bá wa ṣe é kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí pèpéle. Ìwọ̀nba díẹ̀, Mọ́mì."

Wọ́n ti sọ fún àwọn oníròyìn pé Ọnọ́rébù ń bá àwọn olókòwò ilẹ̀ òkèèrè ṣèpàdé. Mo dé ìpàdé náà. Inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha ni, tí wọ́n fa kọ́tìnì rẹ̀ dí, ọkùnrin gíga kan sì jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú agbádá. Agbádá, nínú yàrá ìsùn! Ìdí ni pé àwọn àlejò kò yéé dé. Alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní ilẹ̀ Lárúbáwá, tí gbogbo ọjà Deira ní Dubai mọ̀ sí Alhaji Táyà nítorí táyà tó ń kó lọ sí Èkó, ló ń ṣíwájú wọn.

"Ẹkùn! Gómìnà wa! Ẹkùn kì í ṣàìsàn, ó ń ba ni!"

Bí wọ́n bá ti kí i, Ọnọ́rébù á rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá jáde, ẹ̀rín náà á já bọ́, ojú rẹ̀ á dà bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ẹ̀rín yẹn ló já mi láyà. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé mọ́. Alhaji Táyà wò mí bí ẹni pé mo ní kí wọ́n gbé ìlú tà.

"Mọ́mì, ta ló ń fi àgbà sílẹ̀ lóun nìkan nígbà tí ara rẹ̀ ò yá? Kí làwọn èèyàn máa sọ? Pé a ò mọyì wọn?"

Bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ̀ yẹn ló ń pa ọkùnrin náà lọ. Àṣà wa ni pé kí a yí aláìsàn ká. A kì í béèrè bóyá aláìsàn náà ń rí èémí mí láàárín wa. Níkẹyìn, mo tan Káyọ̀dé pé kó kó wọn sọ̀kalẹ̀ lọ jẹ ṣàwámà. Ó ku èmi àti Ọnọ́rébù. Mo fa àga kan sún mọ́ ọn. Mo bi í.

"Ọnọ́rébù, ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín, sà?"

Ó gbójú sókè. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wò mí. "Ojoojúmọ́, Mọ́mì." Ohùn rẹ̀ há bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. "Ẹ̀yin nìkan lẹ bi mí. Gbogbo àwọn tó kù, ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ṣé mo ti ṣe tán."

Ó sọ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ti èmi àti òun nìyẹn. Mo sọ fún un pé ilé ìwòsàn kan wà nítòsí tí wọ́n ti ń tọ́jú irú nǹkan báyìí, pé oògùn wà, pé àwọn tó ti rí bẹ́ẹ̀ rí ti gbádùn. Ó gbà láti lọ. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí n dá lọ."

Àṣé ilẹ̀kùn ò tì dáadáa. Káyọ̀dé ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Alhaji Táyà, ó sì ti gbọ́.

"Mọ́mì! Ẹ ń ṣépè fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Mi ò ṣépè, Káyọ̀dé. Ìbéèrè ni mo bi wọ́n, wọ́n sì dá mi lóhùn. Ilé ìwòsàn ló kàn, lónìí yìí. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ láìsí ẹni tó ń wò wọ́n."

"Ẹ dárúkọ ikú nínú yàrá gómìnà lọ́la!" Alhaji Táyà ti ń gbọn etí. "Astagfirulahi! Khalas, Mọ́mì, ó ti tó. Ẹ máa lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe wèrè," Káyọ̀dé wí.

"Èmi náà ò pè wọ́n ní wèrè."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti pe pásítọ̀ kan láti Sharjah àti àáfà kan láti Deira kí wọ́n wá fọ ohun tí ẹnu mi dà sílẹ̀ nù. Ìsàlẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ṣì dúró sí, mo pàdé àwọn méjèèjì lẹ́nu ẹ̀rọ agbéniròkè, ọ̀kan gbé òróró, èkejì gbé omi àdúrà. N kò rí i rí kí ẹ̀sìn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan kánkán bí ọjọ́ yẹn: ohùn wọn ṣọ̀kan pé ẹnu mi burú.

Mo padà débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọmọ India tó wà ní tábìlì ìgbàlejò mi orí. "Khalas, Madam. Airport." Mo pe ìyàwó Ọnọ́rébù nílé, mo sọ gbogbo ohun tó yẹ kó mọ̀ fún un láìfi bò. Ó sunkún, ó ní òun kò ní gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Òun ló sì gba ẹ̀mí ọkọ rẹ̀ là, kì í ṣe èmi, kì í ṣe òróró, kì í ṣe omi.

Orí fóònù ni mo ti wo ọjọ́ ìpolongo náà. Ọnọ́rébù gun pèpéle, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó dùn. Ó wá dákẹ́ láàárín gbólóhùn kan. Ó wo ọ̀pọ̀ èrò náà títí, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí pèpéle. Ẹ̀yin ọmọ, wọ́n pàtẹ́wọ́! "Onírẹ̀lẹ̀! Gómìnà tó ń bá mẹ̀kúnnù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀!" Nígbà tí kò lè dìde mọ́, tí àwọn ọkùnrin gbé e, àwọn èèyàn rò pé wọ́n gbé e lé èjìká fún ayọ̀ ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Mo pa fóònù náà. Ẹni tó ń wó lulẹ̀ lójú gbogbo ìlú, orin ni wọ́n fi ń sìn ín.

Ẹgbẹ́ fi Káyọ̀dé rọ́pò rẹ̀. Káyọ̀dé ló wọlé. Òun ni gómìnà báyìí.

Ó ti wá "sinmi" ní Dubai lẹ́yìn ìyẹn, ó sì ránṣẹ́ pè mí. Ó ní kí ohun tó ti kọjá kọjá, kí n wá gba ipò mi àtijọ́, pé ará ìlú nílò ìdùnnú.

"Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́, sà?"

"Wọ́n wà, Mọ́mì. Wọ́n ń sinmi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn nílé."

"Ta ló ń tọ́jú wọn?"

"Ọlọ́run ni."

"Dókítà wo ni Ọlọ́run ń lò?"

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Mọ́mì, ẹ mọ òṣèlú. Kí wọ́n rí ẹ̀gbọ́n gómìnà nílé wèrè? Ẹ jọ̀ọ́." Ó sọ "yalla" sí awakọ̀ rẹ̀, wọ́n lọ. N kò gba ipò náà. Ẹ má pè é ní ìgboyà. Ó ti rẹ̀ mí ni. Mo ti ilẹ̀kùn onígíláàsì yẹn, mo fẹ̀yìn tì sí Rolla.

Láti ìgbà náà, ìyàwó Ọnọ́rébù máa ń pè mí lọ́jọ́ Ẹtì, á gbé fóònù sétí ọkọ rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Èmi náà kì í sọ púpọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ọnọ́rébù fúnra rẹ̀ ló pè.

"Mọ́mì. Ilé ìwòsàn tí a fẹ́ lọ ní Al Barsha yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà, sà. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nítòsí yín níbẹ̀. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Wọ́n á rí mi níbẹ̀, Mọ́mì."

Gbogbo ohun tí mo kábàámọ̀ wà nínú gbólóhùn yẹn. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń pàṣẹ fún odidi ìpínlẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pọ̀ èrò wà níwájú mi, wọ́n sì ṣe tán láti sọ ohunkóhun tí mo bá ní kí wọ́n sọ. N kò sọ fún wọn pé kì í ṣe ìtìjú kí èèyàn gba ẹnu ọ̀nà ilé wèrè wọlé. Mo ní kí wọ́n máa dunnú.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín, sà. Èmi náà á wà ńbẹ̀. Wọ́n á rí àwa méjèèjì."

Ẹ̀yin tí ẹ tún fẹ́ bi mí bóyá ọ̀nà wà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Mi ò ní sí ní Rolla lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílé. Ọnọ́rébù ní kí a lọ sílé ìwòsàn náà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ìta ṣì dá. Mo ní rárá, ọ̀sán gangan la máa lọ.